Aláàmù Èéfín Tó Wà Lórí Fíríìjì Yín

Igbó-Elérin, Ọ̀jọ́.
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjọkẹ́ tèmi,

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Mo kí Ìyanu, mo kí bàbá rẹ̀, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tó ń bá wa wẹ ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ nígbà tí Ṣẹ́gun bá gbé àpò yìí lé ọ lọ́wọ́ tí o bá ìwé nínú rẹ̀. Wàá ní kí ló ṣe bàbá mi tí wọn ò pè mí lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Bó o ṣe rí nìyẹn láti kékeré: n óò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wàá bá mi parí rẹ̀, wàá tún rẹ́rìn-ín lé e. Ìwé nìkan ni mo mọ̀ tí o kò lè já lu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Torí náà jókòó, gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kí o kà á dé ìparí kí o tó dá mi lóhùn. Ṣẹ́gun lè bá ọ kà á. Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kó rí i.

Ohun tí mo rí lórí fíríìjì yín nígbà tí mo wá sí Ìbà lánàá ló mú mi kọ̀wé. Mo wọ kíṣìnnì lọ fọwọ́, mo gbójú sókè, mo rí nǹkan roboto kan tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé, ó jókòó sáàárín agolo mílíìkì àti ìgò òróró. Mo tú ọ̀rá náà. Aláàmù èéfín tí mo fi ta yín lọ́rẹ nígbà tẹ́ ẹ kó dé ilé yẹn ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Mo wo pálọ̀ yín, mo rí i pé aago ara ògiri tó ti kú láti ìgbà ìgbéyàwó yín ti ń rìn. N kò tún béèrè ibi tí bátìrì gbà lọ.

Mo kàn bi ìyá ọkọ rẹ pé kí ló ṣe aláàmù yìí. Wọ́n gbé epo kaná lọ́wọ́, wọ́n ń yọ́ ọ kí pupa rẹ̀ lè lọ fún ọbẹ̀ ọ̀fadà, èéfín sì ti gba gbogbo kíṣìnnì. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

"Bàbá Mojí, ọ̀tá ọmọ ni nǹkan yẹn. Bí mo bá ti gbé epo kaná báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọmọ á sì ta jí. Èmi ni mo ní kí Ṣẹ́gun yọ ọ́, kí ọmọ ọlọ́mọ lè sùn."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mo fọwọ́ mi, mo jáde. Ìwọ náà wò mí lójú, o wolẹ̀. Mo rí ọ.

O mọ̀ pé èmi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ rẹ nìyẹn, ìyá ọkọ rẹ sì ni àgbà tó wà níbẹ̀. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń tọ́jú ìwọ àti ọmọ, iṣẹ́ tí ìyá rẹ ì bá ṣe ká ní ó wà láyé. Ojú wo ni n óò fi wò wọ́n kí n máa kọ́ wọn bí wọn ó ṣe dáná? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi lánàá, èmi sì jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń jẹ ìrẹsì. Ìrẹsì náà dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ara mi kò balẹ̀.

Ohun tó tún wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ tí Ṣẹ́gun bá mi sọ nígbà tó sìn mí dé títì. Ó rí i pé inú mi kò dùn, ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti rí òmíràn ní ọjà Àlàbá, tòkunbọ̀ gidi, tí kì í pariwo bí èèyàn bá ń dáná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n irú aláàmù bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Jẹ́ kí n sọ ẹ̀rù tó ń bà mí fún ọ ní tààrà. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé yín. Ilẹ̀kùn irin kan lẹ ní, àgádágodo lẹ sì fi ń tì í. Sílíńdà gáàsì wà nínú kíṣìnnì, bátìrì ínfátà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri yàrá tí Ìyanu ń sùn. N kò bá yín wí lórí èyíkéyìí nínú wọn, bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomáíkò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè fúnra rẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà ló ń sùn nínú ilé náà, ẹ sì ti di ẹnu ohun kan ṣoṣo tó lè jí yín. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Àjọkẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ àná, kò ṣeé ṣe.

Èkíní nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí o má tijú iná.

Ìgbà èwe mi ni mo kọ́ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mo sì gba yàrá kan ní Ìbà tẹ́ ẹ̀ ń gbé yẹn, nígbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Ilé oníyàrá gbọọrọ ni, ojú yàrá kọjú síra wọn. Mo ń ṣe máàkì ìwé ìdánwò lọ́wọ́, ẹ̀wà wà lórí sítóòfù, iná sítóòfù sì ń kú lọ. Tíṣà sáyẹ́ǹsì kò pa iná. Ó gbé kèègì kẹrosíìnì, ó ń dà á sí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́. Iná bú sókè, ó gbá kọ́tìnì mú.

Ṣé o mọ ohun tí bàbá rẹ ṣe? Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé má baà rí i pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ iná ló ń dáná sun ara rẹ̀. Aṣọ ìbora ni mo fi ń lu iná náà, mò ń wúkọ́, ojú mi ń ṣomi, n kò ké sí ẹnì kankan. Ìyá kan tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ló rí èéfín tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n lọgun, làwọn èèyàn fi já wọlé tòun ti garawa omi. Ẹ̀wà dà nù, ìwé ìdánwò di ẹrẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìtìjú wa pọ̀, ọ̀wọ̀ wa náà sì pọ̀. A lè torí ojú àgbà dákẹ́ títí ilé á fi jó. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọba ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ilé tíṣà tó bá jó, eérú ló kù. Aláàmù èéfín kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé ìyá ọkọ ló ń yọ́ epo, kò mọ̀ pé tíṣà ni mí, kò mọ̀ pé àlejò wà nílé. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ má kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Bó bá sì jí ọmọ ńkọ́? Ẹ rẹ̀ ẹ́ kó tún sùn. Ariwo tó jí ọmọ kì í pa ọmọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, Ṣẹ́gun ni kó fetí sílẹ̀ níbí.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, gbogbo wa ládùúgbò yìí la gbà pé tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ. Fíríìjì tí ìyá rẹ fi ń ta omi tútù, tòkunbọ̀ ni, ó dàgbà jù ọ́ lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Nígbà tí mo kọ́ ilé yìí tán, tí ìyá rẹ ní òun fẹ́ aláàmù èéfín bíi ti ọ́fíìsì àwọn, Àlàbá ni mo gbà lọ, sọ́dọ̀ Emeka tó ta fíríìjì yẹn fún mi. Emeka gbé aláàmù tuntun jáde nínú páálí. Mo ní rárá o, kó má fi ọjà ọmọdé tàn mí, kó fún mi ní ojúlówó. Ó wá inú ẹrù tó ti òkè òkun dé, ó mú ọ̀kan tí wọ́n yọ lára àjà ilé oyìnbó kan jáde, ó ti pọ́n bí eyín àgbà. Mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo. Mo ní èyí gan-an ni. Èmi àti Emeka bọ ara wa lọ́wọ́, inú àwa méjèèjì dùn.

Mo gbé e kọ́ sí àjà pálọ̀. Bí oṣù tuntun bá ti wọlé, n óò gun àga, n óò tẹ bọ́tìnì rẹ̀, á ké débi pé àwọn adìẹ inú àgbàlá á sá. Ìyá rẹ á pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun ló fi mí joyè náà, Olóyè Aláàmù, ó ní ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo rò pé iyì ni. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé kò kàn fẹ́ kí n gbàgbé ni.

Ó ṣe, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀sténṣọ̀n tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́lẹ̀. Mo wà lórí àga, mò ń tòògbé. Ìwọ wà nílẹ̀ níwájú mi, ò ń fi kéréyọ̀n ya ilé. Èéfín kì í dún, kò lè jí ẹni tó ń sùn. Ó yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó gun ògiri, ó dé àjà, ó ń rá bàbà yí aláàmù náà ká, aláàmù ń wò ó. Kò ké. Ìyá rẹ tó ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé ló gbóòórùn rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó pa iná láti ìdí mítà, ó sì gbé ọ jáde kó tó wá jí mi. Títí tó fi kú ni mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ọmọ ló kọ́kọ́ gbé. Èsì kan náà ló máa ń fún mi:

"Ṣé ẹ̀yin ni kí n kọ́kọ́ gbé ni?"

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, mo gun àga, mo yọ aláàmù náà, mo gbé e sínú èéfín tó kù gan-an. Kò ké. Mo tẹ bọ́tìnì, ó ké. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bọ́tìnì yẹn kò bi imú rẹ̀ bóyá ó ń gbóòórùn, ẹnu rẹ̀ àti bátìrì ló ń bi. Ẹnu wà níbẹ̀, imú ti kú. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo rí ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún náà ti kọjá kó tó dé Àlàbá rárá. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ mọ ìdí tó fi yọ ọ́. Àwa gbé e kọ́ nítorí pé ó wúwo. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra tuntun.

Nítorí náà, Ṣẹ́gun ọmọ mi, fíríìjì lè jẹ́ tòkunbọ̀, mọ́tò lè jẹ́ tòkunbọ̀. Aláàmù èéfín, tuntun ni. Yí i padà kí o tó rà á, kí o wo ọdún tí wọ́n ṣe é àti àmì pé àwọn tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, sọ ọ́ nù, ì báà ṣì máa ké. Má ra èyí tó jẹ́ pé iná ìjọba nìkan ló ń lò, torí o mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Irú méjì ló sì wọ́pọ̀ lọ́jà. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré inú rẹ̀ wá èéfín ni kí o béèrè, òun ló tètè ń mọ iná tó ń jó lábẹ́lẹ̀ bíi ti ẹ̀sténṣọ̀n àti tìmùtìmù, kì í sì í bá ọbẹ̀ jà tó irú kejì. Èyí tí kì í pariwo rárá bí èéfín bá kọjá níwájú rẹ̀, òkú ni. Má ra òkú wálé fún wa.

Nísinsìnyí ẹ wo inú àpò. Aláàmù èéfín méjì ló wà níbẹ̀, tuntun ni wọ́n, bátìrì inú wọn kò ṣeé yọ, aláàmù àti bátìrì máa lo ọjọ́ ayé wọn pọ̀ ni. Mo mọ ìdí tí mo fi yan irú wọn. Ẹ lọ wá bátìrì míì fún aago yín. Ẹ̀kẹta tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kì í wo èéfín, ooru ló ń wò, ti kíṣìnnì nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ lè yọ́ epo títí dọ̀la lábẹ́ rẹ̀ kó má dún, àfi bí iná bá gba epo ní tòótọ́.

Ẹ rí i báyìí pé ibi tí wọ́n kọ́ ti àkọ́kọ́ sí ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ni oníṣẹ́ iná gbé e kọ́, torí pé ibẹ̀ ni ìṣó wà. Ẹ kọ́ ọ̀kan sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ínfátà wà, ẹ kọ́ èkejì sínú yàrá tí ẹ̀yin àti Ìyanu ń sùn. Kó wà láàárín àjà bó bá ṣeé ṣe, kó jìnnà sí fáànù, kó jìnnà sí ojú fèrèsé, torí atẹ́gùn á gbá èéfín lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi sí kọ̀rọ̀ ibi tí ògiri ti pàdé àjà.

Bí ẹ ó ṣe sọ fún Màmá ló wá kù, èyí sì gba ọgbọ́n obìnrin. Má sọ pé bàbá mi ló ní. Gbé àwọn nǹkan yìí lọ bá wọn, kí o ní, "Mà, wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ kò dára níbi tó wà ló ṣe ń jí ọmọ. Ẹ bá wa wo ibi tó yẹ." Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Ṣẹ́gun bá ń kọ́ ọ. Ẹ fi bọ́tìnì hàn wọ́n, ẹ fi hàn wọ́n pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń ké sí ọbẹ̀, á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, á sì tún jí fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi wọ́n joyè. Sọ pé àwọn ni wọn ó máa rán yín létí lóṣooṣù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kó dà bí ìgbà tí ìyá rẹ fi èmi joyè. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alágbàtọ́ nǹkan kì í fi ọ̀rá wé e mọ́.

Kí wọ́n sì jọ̀ọ́, bí epo bá wà lórí iná, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn kíṣìnnì dé, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n má sì kúrò nídìí rẹ̀. Bí ọmọ bá ké nígbà náà, ẹlòmíì ni kó lọ gbé e.

Ti ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí gbà pé ohun tí wọ́n bá ti kọ́ sókè ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, eruku tó ń wọ ojú wa náà ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n lóòrèkóòrè, ẹ yọ okùn aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀, kí aáyán má sì sọ ọ́ di ilé. Bí láńlọ́ọ̀dù bá fẹ́ kun ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun aláàmù mọ́ àjà. Wọ́n lè fi ọ̀rá bò ó nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ ṣí i.

Bó bá sì ń dún "píì" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ. Nígbà tó o wà ní yunifásítì, tiwa dún bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá rẹ ní ìrẹ̀ ló wọlé. Ó fi bàtà lé ìrẹ̀ kiri ilé, ó ní kí n gbé àga, mo gbé e, ó ní kí n yí kọ́bọ́ọ̀dù, mo yí i, ẹ̀yìn dùn mí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a gbójú sókè. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, bó bá bẹ̀rẹ̀ irú ariwo bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ló pé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá.

N kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, aláàmù èéfín kò sì mọ̀ ọ́n. Aláàmù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, n óò wá a fún yín. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ yín jìnnà sí ojú fèrèsé, kó má sì wọ bákónì láéláé, ì báà máa rọ òjò.

Aláàmù kò pa iná, ó kàn ń jí yín ni. Bó bá jí yín tán, ibo lẹ máa gbà? Lánàá, mo rí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yín nínú àpò ṣòkòtò Ṣẹ́gun. Bí Ṣẹ́gun bá lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ kan ìṣó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ olè kò ti lè dé láti ìta, kí kọ́kọ́rọ́ kan máa wà níbẹ̀ títí, kí Màmá náà mọ ibẹ̀. Ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín ẹni tó máa gbé ọmọ, kó má di pé ẹnì kan ń rò pé ẹnì kejì ti gbé e. Ẹ má padà fún ìwé ẹ̀rí, ẹ má padà fún góòlù. Àrísá ni ti iná. Ẹni tó bá rí i kì í dúró kí i.

Mo fẹ́ dánu dúró níbí, Mojísọ́lá, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan, òun ló sì le jù fún mi láti sọ.

Nígbà tí mo dé láti ọ̀dọ̀ yín lánàá, mo ní kí n tẹ tèmi náà wò, kí n má baà jẹ́ ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe. Mo gun àga, mo tẹ bọ́tìnì. Kò ké. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò ké. Mo ní bátìrì ti kú. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò ké síbẹ̀. Mo dúró lórí àga, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi. Ìgbà náà ni Ìyá Bàṣírù, ayálégbé wa tó ń gbé ẹ̀yìn, sáré wọlé. Ó fi ọwọ́ di etí rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ṣé kò sí o? Ó ti ń ké látàárọ̀."

Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ ketekete. Mo wo aláàmù náà, iná pupa ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó tún di etí. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí àgbà máa ń ṣá, ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ni mo rò pé ó máa kọ́kọ́ lọ. Àṣé ohùn tó tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ, tí èèyàn kò sì ní mọ̀, torí ohun tí èèyàn kò gbọ́ kì í sọ fún un pé òun ti kọjá. Nígbà tó o wà ní jòjòló, bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá kejì, mo ti dìde kí ìyá rẹ tó lajú. Ó dùn mí, ọmọ mi. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ.

Má sunkún o, mo ti ṣètò. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo lọ ra tiyín, mo ra irú èyí tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ara mi: bí ti yàrá mi bá ké, ti pálọ̀ Ìyá Bàṣírù náà á ké, kọ́kọ́rọ́ mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n bá mi wá èyí tó ń gbọn ìrọ̀rí ẹni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èmi náà ò fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi wà. Èmi ń wá etí kiri ọjà kí n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí etí yín pé, ọ̀rá lẹ̀ ń wá tẹ́ ẹ máa fi di ẹnu rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó fi Ìyanu ta wá lọ́rẹ bá wa ṣọ́ ọ dàgbà. Ẹ kọ́ wọn sókè lónìí, Àjọkẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí Ṣẹ́gun bá ti kọ́ ọ tán, kó tẹ bọ́tìnì. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ pè mí, wàá na fóònù sókè sí i kí n lè fetí ara mi gbọ́ ọ. Má ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní gbọ́. Gbé fóònù sún mọ́ ẹnu rẹ, kí o kàn sọ pé, "Bàbá, ó ké." Ohùn tìrẹ ṣì ń dé etí mi dáadáa. Bí o bá ti sọ ọ́, mo gbà ọ́ gbọ́, n óò sì lọ sùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.